Ìlera Ọmọ Wa: Nígbà tí Kòkòrò Bá Ráyè Wọ Inú Eegun

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan ilé púpọ̀ nínú àwa Yorùbá, yálà a sọ ọ́ síta tàbí a fi í pamọ́. Ó kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sickle cell. Ó sì kan ewu kan tí ó máa ń bá àìsàn náà rìn, tí a kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀ títí yóò fi dé bá wa: kí kòkòrò àrùn wọ inú eegun ọmọ, kí ó sì máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ wá sí òde.

Ẹni tí ó bá bí irú ọmọ yìí mọ ìrora. Ó mọ bí ọmọ ṣe ń ké ní òru tí ilé gbogbo kò ní sùn. Ó mọ bí a ti ń fún un ní omi mu, tí a ń fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ bò ó, tí a sì ń ka wákàtí. Àwọn àgbà ilé wa a máa pè é ní arọ́mọléegun, wọ́n a sì ní yóò lọ. Lóòótọ́, ó sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ìrora eegun tí ó wà lára ọmọ wọ̀nyí jẹ́ oríṣi méjì, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè kọjá. Èkejì jẹ́ ti kòkòrò tí ó ti fi inú eegun ṣe ilé. Ti àkọ́kọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, kódà ó wọ́pọ̀ ju èkejì lọ lọ́nà púpọ̀, ìdí sì nìyí tí èkejì fi ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ti ẹ̀jẹ̀ a máa lọ bí ó ti wá. Ti kòkòrò kì í lọ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, ó lè mú kí ẹsẹ̀ ọmọ kan kúrú ju èkejì lọ, ó lè ba oríkèé itan rẹ̀ jẹ́, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn kòkòrò tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í ṣe akọni rárá. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le koko, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ díẹ̀ ni Salmonella sábà máa ń fà, yóò sì tán. Èkejì rẹ̀, Staphylococcus aureus, ń gbé nínú imú àti lára awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Aláǹgbá ni wọ́n. Ibi tí ògiri ti lanu ni wọ́n ń wá kiri.

Báwo ni ògiri ṣe lanu lára ọmọ tí ó ní sickle cell? Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà ní apá òsì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní spleen. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń sẹ́ ògì, kí ó máa mú kòkòrò tí ó bá ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a máa dí àwọn òpó tín-ín-rín inú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, lára ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jẹ́ SS, ẹ̀yà náà ti ṣíwọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún 5. Asẹ́ ti ya nìyẹn. Ìdíwọ́ kan náà a máa bá awọ inú ìfun jà, kòkòrò tí ó yẹ kí ó bá ìgbẹ́ jáde a sì ráyè já sínú ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù ni inú eegun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan nínú eegun, mùdùnmúdùn ibẹ̀ yóò kú. Ibi tí ó kú náà di ilé òfìfo: ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀, nítorí náà àwọn ọmọ ogun ara kò lè dé ibẹ̀, oògùn pàápàá kò lè tètè dé ibẹ̀. Kòkòrò tí ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri yóò bá ilé yìí pàdé, yóò wọlé, yóò sì tẹ́ ẹní. Ẹ ó rí i pé ìrora ti àná, èyí tí ó ti lọ, ni ó gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún kòkòrò ti òní. Nígbà mìíràn, kì í ṣe eegun kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀; ó lè wọ apá àti itan lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí. Ní ọdún 1980, oníṣègùn méjì, A. A. Adeyokunnu àti R. G. Hendrickse, tẹ ìròyìn kan jáde nípa ọmọ 63 ní Nàìjíríà tí Salmonella ti wọ eegun wọn. Nínú ọmọ 63 yìí, 57 ni ó ní sickle cell. Lára ọmọ tí kò ní àìsàn náà, Staphylococcus ni a sábà máa ń bá nínú eegun. Salmonella kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé oògùn tí ó ń pa ọ̀kan kì í fi gbogbo ìgbà pa èkejì. Dókítà tí kò bá mọ̀ pé ọmọ yín ní sickle cell lè máa yìnbọn sí ibi tí ọ̀tá kò sí.

Nísinsìnyí, kí ni òbí yóò fi dá ìbejì méjì yìí mọ̀ yàtọ̀? A kò ní tàn yín jẹ: àwọn dókítà pàápàá ń jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ibà lè bá ìrora ẹ̀jẹ̀ lásán wá, ibẹ̀ sì lè wú. Síbẹ̀ àwọn àmì kan wà tí ó yẹ kí ó ta wá jí. Bí ìrora bá ti ń káàkiri tẹ́lẹ̀, tí ó wá fìdí kalẹ̀ sí ojú kan, bóyá ojúgun, tàbí itan, tàbí apá òkè. Bí ojú náà bá wú tí ó gbóná ju ara yòókù lọ. Bí ibà kò bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, tàbí tí ó sọ̀kalẹ̀ tí ó tún gun òkè. Bí ọmọ bá kọ̀ láti fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀, tàbí tí ọmọ ọwọ́ kò gbé apá kan mọ́. Bí ó bá ti ju iye ọjọ́ tí ìrora rẹ̀ máa ń gbà lọ. Ọmọ tí ó ti gbọ́njú mọ ìrora tirẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Bí ó bá sọ pé, "Màmá, èyí yàtọ̀ o," ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á gbọ́.

Ti ọmọ kékeré tí ó wà láàárín oṣù 6 sí nǹkan bí ọdún 3 tún ní ìdàrú tirẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wú fúlẹ́fúlẹ́, tí ìka rẹ̀ yóò dà bí sọ́sééjì. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí sickle cell fi ń kéde ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe kòkòrò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó jókòó sílé pinnu rẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara, kí ó má sì wọ́n ní ilé yín. Ẹ̀yìn ọwọ́ tí a fi ń kan iwájú orí ọmọ kò tó fún irú ọmọ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Bírítéènì ń lo 38 ní ìdíwọ̀n Celsius gẹ́gẹ́ bí ààlà, tí í ṣe 100.4 ní ìdíwọ̀n Fahrenheit; ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ń lo 38.5, tí í ṣe 101.3. Iye tí àwọn oníṣègùn ọmọ yín bá sọ fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá ti kọjá iye náà, ilé ìwòsàn ni, ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Kí ẹ sì wọn ìgbóná náà kí ẹ tó fún un ní oògùn ìrora, nítorí pé oògùn ìrora púpọ̀ a máa paná ibà, a ó sì fi bẹ́ẹ̀ bo ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Ibi yìí ni a ti fẹ́ bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára fún ìrora lásán, a kò sọ pé kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta kí a máa fi ìpara agbóná-janjan ra ojú ibi tí ó wú, kí a máa fà á, kí a máa tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ọyún ń gbárajọ sínú eegun, ewu ńlá ni. Gbẹ́rẹ́ sínsín burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà tuntun ni a fi abẹ là fún kòkòrò ara awọ. Bí màmá tí ó wá bá wa tọ́jú ọmọ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà.

Èkejì ni kápúsù apakòkòrò tí a kó sínú àpótí láti ilé. A mọ ìdí tí a fi ń kó o. Ní ìlú tí a kì í ti í rí irú rẹ̀ rà láìsí ìwé dókítà, ọkàn ẹni a máa balẹ̀ bí ó bá wà nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ọmọ ní méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn, kòkòrò náà kò ní kú. Yóò kàn fara pamọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà láti fi hù kòkòrò jáde lè má hu nǹkan kan, dókítà kò sì ní mọ irú ọ̀tá tí ó wà nílé. Bí ẹ bá ti fún un, ẹ má ṣe tijú, ẹ sọ orúkọ oògùn náà àti wákàtí tí ẹ fún un.

Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀, wọn yóò sì sábà ya fọ́tò eegun. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí fọ́tò yìí, nítorí pé ó ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Ohun tí kòkòrò ń ṣe nínú eegun kì í hàn lórí fọ́tò náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14 kí ó tó hàn. Nítorí náà, fọ́tò tí ó mọ́ tónítóní ní ọjọ́ kẹta kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rọ MRI ríran jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ olóhùn tí a fi ń wo oyún lè fi omi tàbí ọyún tí ó gbárajọ sí ẹ̀gbẹ́ eegun hàn. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì kì í fi gbogbo ìgbà sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni tàbí kòkòrò. Ẹ̀rí tí ó dájú jù ni kí wọ́n rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀, yálà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ọyún tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà jáde. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ṣé ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ó fi hù kòkòrò? Ṣé oògùn tí ẹ ń fún un lè pa Salmonella àti Staphylococcus?

Àwọn kan nínú wa a máa bẹ̀rù láti béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà pè wá ní aláriwo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bírítéènì tí wọ́n ń rí sí ọ̀rọ̀ sickle cell tẹ ìwádìí kan jáde, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtọ́jú tí àwọn aláìsàn wọ̀nyí ń rí gbà ní ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì àti ní àwọn yàrá gbogbogbòò kò dára tó, àti pé a kì í gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Nítorí náà, kì í ṣe àfojúdi bí òbí bá là á mọ́lẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ ọmọ yìí." Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan kí ẹ máa gbé e kiri: irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ dá, oògùn tí ó ń lò, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, àti ilé ìwòsàn tí ó ń tọ́jú rẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ pé kòkòrò ni, ìtọ́jú rẹ̀ gùn. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ó wọ́pọ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò kọ́kọ́ máa fi oògùn sínú iṣan, lẹ́yìn náà a ó máa gbé e mì nílé. Nígbà mìíràn wọn yóò ní láti ṣí ibẹ̀ kí wọ́n lè fa ọyún kúrò, pàápàá bí ó bá ti dé oríkèé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ lè ti máa sáré kiri ilé. Ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Bí a bá dá oògùn dúró nítorí pé ara ọmọ ti yá, kòkòrò tí ó kù nínú eegun òkú yóò tún jí. Àwọn àgbà tí wọ́n ti rí i nílé mọ òpin rẹ̀: ojú egbò kan tí kì í san, tí ń tú ọyún fún ọdún púpọ̀, tí eérún eegun sì ń bá a jáde.

Ẹran ara kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Dókítà James Herrick ní ìlú Chicago kọ̀wé ní ọdún 1910 nípa hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé, àpá egbò ẹsẹ̀ wà lára ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ̀ wò, ọmọ Grenada kan tí ń kọ́ nípa ìtọ́jú eyín. Títí di òní, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní àìsàn yìí lè ní egbò lẹ́bàá kókósẹ̀, tí kì í tètè jinná nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa, tí kòkòrò ara awọ sì ń fi ṣe ilé. Bàtà tí ó gé ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹ̀fọn tí ó jẹ ẹ́ tí ó sì họ ọ́, ibẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín tí wọ́n ti bàlágà, bí wọ́n tilẹ̀ ń bínú.

Ní ti ìdènà, penicillin ni a mọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986 lo ọmọ 215. Àwọn tí ń mu penicillin lójoojúmọ́ bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò pneumococcus tó bẹ́ẹ̀ tí àkóràn náà fi dín kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tètè dá ìwádìí náà dúró nítorí pé àǹfààní rẹ̀ ti hàn gbangba. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ pa á jẹ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ dókítà ń dá a dúró ní ọdún 5. Ní Bírítéènì, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ó máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: penicillin tí ọmọ ń mu yìí kò dá Salmonella dúró. Ilé ìdáná ni a ti ń dá a dúró.

A ní àṣà kan tí a fẹ́ràn, kí a fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ adìẹ kí ó tó dé inú ìkòkò. Ìmọ́tótó ni lójú wa. Ṣùgbọ́n omi tí ń ta láti ara adìẹ tútù a máa gbé kòkòrò sára abọ́, sára tòmátì, sára aṣọ ẹni, iná ìkòkò nìkan ni ó sì ń pa á. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ rọra fọ̀ ọ́ nínú abọ́ tí kò ní ta omi, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ àti ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyin tí a kò sè dénú kì í ṣe oúnjẹ ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ Ìjàpá tún kù. Nínú àlọ́ ni kí ọmọ wa ti máa pàdé rẹ̀, nítorí pé ìjàpá, aláǹgbá àti ejò tí àwọn aládùúgbò wa ń sìn nínú ilé a máa gbé Salmonella kiri láìṣàìsàn. Láti ọdún 1975 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin de títa àwọn ìjàpá kéékèèké tí igbá ẹ̀yìn wọn kò tó íńṣì 4, nítorí pé àwọn ọmọdé ń kó àrùn lára wọn.

Bí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ sílé fún ọdún Kérésì tàbí iléyá, ẹ lọ rí dókítà ní oṣù méjì ṣáájú. Táífọ́ọ̀dù jẹ́ ọmọ ìyá Salmonella tí a ń sọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì wà. Oògùn adènà ibà ẹ̀fọn jẹ́ dandan: AS ni ara rẹ̀ máa ń kojú ibà, kì í ṣe SS, ibà sì lè tètè pa ọmọ SS. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ wa ti mọ ọ́n lára.

Ohun kan tí ó tún ń bọ́ sí kòtò ni ti àwọn ọmọ tí a bí sílé, tí a wá mú wá. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò fún àìsàn yìí ní ilẹ̀ England àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìjọba Brazil sì ti fi í sínú ètò tiwọn láti ọdún 2001. Ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́rin kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú ètò náà, kò sì sí ẹni tí yóò pè yín. Bí ìwé rẹ̀ bá ní SC, ẹ má ṣe rò pé ó ti bọ́. Sickle cell ni SC pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín dájú, ẹ sọ fún dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ yìí pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.